Ọ̀bẹ Tó Mú àti Ọwọ́ Tó Mú Ọ̀bẹ

Ní Ring Road ní Ìbàdàn, láti ìyànà Challenge títí dé Mobil, ó ṣòro kí èèyàn rí ọ̀rọ̀ ìyìn tó yá lẹ́nu àwọn ènìyàn tó "ṣáàpù", ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ohun tó mú. Awakọ̀ Máíkírà tó rí àlàfo tíńtín láàárín ọkọ̀ méjì, tó sì gba ibẹ̀ kọjá láìfara kan ẹnikẹ́ni, ó ṣáàpù. Ọmọkùnrin tó lọ ṣòkòtò rẹ̀ títí ojú ìlà fi dúró gbagidi, ó ṣáàpù. Ìyá oníbọ̀lì tó ti ṣírò ṣénjì tán kí oníbàárà tó na owó jáde, òun náà ṣáàpù. Wọ́n á ní kí ọlọ́kadà máa bọ̀ ṣáàpù ṣáàpù. Wọ́n á ní fọ́tò inú fóònù tuntun ṣáàpù ju ti àtijọ́ lọ. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá sì ti inú ọkọ̀ olówó gọbọi sọ̀kalẹ̀, tí kò sí ẹni tó lè sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, àwọn tó ń wò ó á mirí: "Ọmọ yẹn ṣáàpù o."

Nínú gbogbo èyí tó ṣáájú, ìyìn ni. Èyí tó kẹ́yìn ló mú ìbéèrè lọ́wọ́, nítorí ẹni tó sọ ọ́ pàápàá lè má mọ̀ bóyá òun ń yin ọmọ náà ni tàbí òun ń bú u. Ìbéèrè àtayébáyé sì ni. Alágbẹ̀dẹ ti bi ara rẹ̀, ààfáà àti àlùfáà ti bi ara wọn, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Ìbàdàn náà ò sì gbẹ́yìn: ṣé ohun rere ni kí nǹkan mú, tàbí mímú kò ní ìwà kankan àfi èyí tí ọwọ́ tó dì í mú bá fún un?

Ọ̀dọ̀ àwọn alápatà ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀bẹ ni oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ní ilé-ìpẹran ńlá tó wà ní Amósùn ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, tàbí nídìí tábìlì ẹran ní ọjà Bódìjà, alápatà kì í ní ọ̀bẹ ẹyọ kan. Èyí tó gùn wà fún ọrùn ẹran, èyí tó kúrú wà fún bíbó awọ, àáké wà fún eegun. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, á fi ẹnu ọ̀bẹ gbo ara irin. Á gbo ẹ̀gbẹ́ kan, á yí i padà, á gbo ìkejì. Lẹ́yìn náà á fi àtàǹpàkò dán an wò, ní ìbú ẹnu ọ̀bẹ, kì í ṣe ní gígùn rẹ̀, kó má baà gé ara rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá wọra, tí ọ̀rá bo ọ̀bẹ, á tún padà sídìí irin yẹn. Ohun tí ọ̀gá máa ń tẹ̀ mọ́ ọmọọṣẹ́ létí ni pé ọ̀bẹ tó kú ló ń gé èèyàn, nítorí ẹni tó ń lò ó ní láti fi agbára tì í, agbára sì lè ṣìnà.

Púpọ̀ nínú àwọn alápatà Ìbàdàn jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ̀sìn wọn sì ní òfin lórí ẹnu ọ̀bẹ. Nínú hádíìsì kan tí Shaddad ibn Aws gbà wá, tí Imam Muslim sì kọ sínú àkójọ rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, Ànọ́bì Muhammad kọ́ni pé Ọlọ́hun ti ṣe é ní ọ̀ranyàn kí á máa ṣe ohun gbogbo dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ dú ẹran, kó pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀, kó sì jẹ́ kí ara tu ẹran náà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn tún kìlọ̀ pé kò dára kí èèyàn máa pọ́n ọ̀bẹ lójú ẹran tó fẹ́ pa. Ọ̀rọ̀ yìí tó ohun tí a ń dúró rò. Ohun tí a fi ń gba ẹ̀mí, tí gbogbo ayé ń fi ṣe àmì ìkà, ni ẹ̀sìn sọ pé mímú rẹ̀ ni àánú. Ọ̀bẹ tó kú gan-an ni ìkà. Ẹni tó fi ọ̀bẹ tó kú dú àgbò Iléyá nítorí pé ó ya ọ̀lẹ láti pọ́n ọn, kò lè sọ pé òun ò ní ibi lọ́kàn. Àgbò ti jẹ ìyà àìbìkítà rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ring Road. Abẹ dókítà gbọ́dọ̀ mú kí ojú ọgbẹ́ lè pàdé ara wọn kó sì tètè jiná; abẹ tó kú fífà ló ń fa ẹran ara ya. Oníkọlà àti onígbàjámọ̀ ti mọ èyí kí oyìnbó tó kọ́ ilé ìwòsàn kankan síbí.

Nítorí náà, àṣìṣe ni láti rò pé ẹni tí kò mú ni ẹni rere. Yorùbá fẹ́ràn ọmọ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n kì í fi òpè ṣe àwòkọ́ṣe. Ìwé Oníwàásù nínú Bíbélì, ní orí kẹwàá, sọ nípa irin tó kújú tí ẹni tó ni ín kò pọ́n, tó wá di pé agbára ló fi ń ṣe ohun tí ọgbọ́n ìbá ṣe. Olùkọ́ tó wọ kíláàsì láìmúra sílẹ̀, adájọ́ tí kò ka ìwé ẹjọ́ délẹ̀, oníwàásù tó gun orí àga láìronú: àwọn kọ́ ni ìyà àìmú wọn ń jẹ, ẹlòmíràn ni.

Kò sí òrìṣà tí ọ̀rọ̀ mímú kàn tó Ògún. Alágbẹ̀dẹ, ọdẹ, oníkọlà, awakọ̀, mẹkáníìkì tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Ní kóòtù, bí Mùsùlùmí ṣe ń fi Kùránì búra tí Kristẹni ń fi Bíbélì búra, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lè fi irin búra, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ohun tó ń gé igi tó ń gé ẹran kò ní ṣàìmọ ibi tí irọ́ wà. Síbẹ̀ àwọn tó ń bọ Ògún kò fi ìtàn ìlú Ìrè pamọ́. Wọ́n ní Ògún ti ojú ogun bọ̀, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó sì bá àwọn ará Ìrè níbi ayẹyẹ kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lanu sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó kí i. Ó gbé agbè ẹmu wò, òfìfo ni. Ó rò pé wọ́n fojú di òun, ló bá fa idà yọ sí àwọn ènìyàn tirẹ̀. Kí àlàyé tó dé, ọ̀pọ̀ ti sùn. Ẹ̀dùn ọkàn ọjọ́ náà ló mú kí ó ri idà mọ́lẹ̀, tí òun náà sì wọlẹ̀ lọ.

Idà tó fi gba ìlú lọ́wọ́ ọ̀tá ni idà tó fi pa ìlú; bó ṣe mú lánàá náà ló mú lónìí. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni sùúrù láti bèèrè ìdí tí àwọn èèyàn fi dákẹ́. Wọlé Ṣóyínká, nínú ìwé rẹ̀ Myth, Literature and the African World tó jáde ní 1976, fi Ògún ṣe òpó ìrònú rẹ̀, ó sì rí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń dá nǹkan tó sì ń ba nǹkan jẹ́. Ohun tó wú ni lórí nínú ìtàn Ìrè ni pé àwọn tó ń sìn ín kò yọ ojú àbùkù yìí kúrò kí òrìṣà wọn lè dára sí i. Wọ́n ń sọ ọ́ fún ọmọ wọn bó ṣe rí.

Àwọn onímọ̀ èrò náà ti bá ọ̀rọ̀ yìí jìjàkadì. Aristotle, ará Gíríìsì, ya nǹkan méjì sọ́tọ̀: agbára láti rí ọ̀nà tó yá jù dé ibi tí èèyàn ń lọ, àti ọgbọ́n tó ń mọ ibi tó yẹ kí èèyàn lọ. Bí ibi tí à ń lọ bá dára, ó ní agbára àkọ́kọ́ yẹn yẹ ní yíyìn. Bí kò bá dára, jìbìtì ni. Ṣùgbọ́n ó tún ní kò sí ọlọ́gbọ́n tí kò ní agbára náà rárá. Nílé níbí, Barry Hallen àti J. Olúbí Sódípọ̀ lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn ní Èkìtì, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n gbọ́ jáde ní 1986. Àwọn oníṣègùn náà sọ fún wọn pé ohun tí èèyàn fi ojú ara rẹ̀ rí tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí nìkan ló lè pè ní ìmọ̀. Èyí tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìgbàgbọ́ ni. Ojú tó mú nìkan kò tó, àfi kí ọkàn gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Sophie Olúwọlé, tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ èrò ní Ìbàdàn, lo púpọ̀ nínú ayé rẹ̀ láti fi hàn pé Ọ̀rúnmìlà tó ẹni tí à ń mẹ́nu kàn pẹ̀lú Socrates. Bẹ́ẹ̀ sì ni nínú Ifá, gẹ́gẹ́ bí Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìwàpẹ̀lẹ́, Ọ̀rúnmìlà tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ ṣi Ìwà, aya rẹ̀, lò, Ìwà sì fi ilé sílẹ̀. Ó di dandan kí bàbá gbé ẹrù kó máa wá a kiri. Gbogbo ọgbọ́n Ifá rẹ̀ kò ní kí Ìwà má sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí èèyàn bá fẹ́ rí gbogbo ẹ̀ka mímú lára ẹnì kan ṣoṣo, Ìbàdàn kò ní láti yá ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ìlú mìíràn. Oríkì ìlú fúnra rẹ̀ ń fi yangàn pé ibẹ̀ ni olè ti ń jàre olóhun, èyí tó jẹ́ pé ẹnu tó mú ló lè ṣe é. Adégòkè Adélàbú ni ọmọ oríkì náà. Wọ́n bí i ní 1915, ó lọ sí Government College Ìbàdàn, ó sì tẹ̀ síwájú sí Yaba Higher College kó tó bá iléeṣẹ́ UAC ṣiṣẹ́. Orí rẹ̀ pé débi pé àwọn tó bá a kàwé kò gbàgbé. Ní 1952 ó tẹ ìwé tirẹ̀, Africa in Ebullition, jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì tó ń jó bí iná. Síbẹ̀, nígbà tó bá dé àárín àwọn àgbẹ̀ àti àwọn oníṣòwò kéékèèké ní Òkè-Olúokun àti àwọn àdúgbò àtijọ́, Yorùbá ìjìnlẹ̀ ló fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà pé tiwọn ni. Nígbà tó sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ọ̀rọ̀ kan jẹ́ "peculiar mess", àwọn tó ń gbọ́ ọ tí wọn ò gbọ́ èdè náà sọ ọ́ di Pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára títí dòní.

Ẹgbẹ́ Mábọ̀lájẹ́ tó dá sílẹ̀ gba ìgbìmọ̀ ìlú Ìbàdàn nínú ìdìbò 1954. Ó di alága níbẹ̀, ó sì di mínísítà ní ìjọba àpapọ̀. Kò pẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń bá a du ipò, fi gbé ìwádìí dìde lórí ìgbìmọ̀ náà lábẹ́ E. W. J. Nicholson. Ìròyìn ìwádìí náà bẹnu àtẹ́ lu bó ṣe darí nǹkan, ó sì fi ipò mínísítà sílẹ̀ ní 1956. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ní òṣèlú ni wọ́n fi ìwádìí ṣe. Àwọn mìíràn ní ẹni tó mọ òfin tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀tá. Àwọn méjèèjì lè má purọ́. Ó padà sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn ní Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí olórí àwọn alátakò, ẹnu rẹ̀ kò sì kú. Ọjọ́ 25 oṣù kẹta 1958 ni ìjàm̀bá ọkọ̀ pa á lójú ọ̀nà láti Èkó, kò tíì pé ẹni ọdún 43. Nígbà tí ìròyìn dé Ìbàdàn, àwọn tó gbà pé wọ́n pa á ni dìde, ilé jó, ẹ̀mí sì lọ ní ìgboro àti ní abúlé.

Kò sí ẹni tó tọ́ kó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pa ìdájọ́ Adélàbú. Mímú rẹ̀ fún àwọn tí kò ní ohùn ní ohùn. Kò sí àní-àní nípa ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bèèrè ohun tó fà á tí ìbínú tó tò jọ sẹ́yìn rẹ̀ fi bú jáde sórí àwọn aládùúgbò nígbà tí òun kò sí mọ́ láti dì í mú. Ọ̀rọ̀ tó mú a máa gé ju ibi tí a fojú sí lọ.

Níbi tí Ring Road ti kọjá lára pápá ìṣeré Liberty, tó ń jẹ́ Obafemi Awolowo báyìí, ẹ̀rí mìíràn wà. Lọ́jọ́ 10 oṣù kẹjọ 1963, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n ṣí pápá náà, Dick Tiger, ọmọ Amaigbo, bá Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ja ìjà ẹ̀ṣẹ́ ìgbà kẹta níbẹ̀ láti fi mọ ọ̀gá àgbáyé. Tiger ti gba ìgbànú lọ́wọ́ rẹ̀ ní San Francisco ní 1962, wọ́n sì ti ta ọ̀mì ní Las Vegas. Ní Ìbàdàn, lẹ́yìn abala keje, àwọn tó wà lẹ́yìn Fullmer kò jẹ́ kó jáde mọ́. Ọwọ́ Tiger mú lọ́jọ́ náà, àmọ́ okùn yí i ká, adájọ́ wà láàárín, agogo sì wà tó ń sọ ìgbà tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin kan náà ló dá àmì ẹ̀yẹ MBE padà fún ìjọba Bìrìtìkó ní 1969 nítorí ogun Biafra. Ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí a kì í fi ẹ̀ṣẹ́ jà.

Èyí ló gbé wa padà sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin inú ọkọ̀ olówó gọbọi. Kì í ṣe gbogbo ọ̀dọ́ tó lówó ló jalè, ẹ̀ṣẹ̀ ni láti máa rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ EFCC tó wà ní Iyágànkú, tí kò jìnnà sí Ring Road, kò dákẹ́ láti máa kéde àwọn ọmọ yàhúù, ìyẹn àwọn oníjìbìtì orí ayélujára, tí kóòtù dá lẹ́bi, púpọ̀ nínú wọn ni kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í ṣe òpè. Wọ́n mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tẹ́ obìnrin kan lọ́rùn ní ilẹ̀ òkèèrè títí yóò fi tú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ Aristotle rọ̀ mọ́ wọn láìyẹ̀: wọ́n rí ọ̀nà tó yá, wọn ò bèèrè ibi tó lọ. Ohun tó sì ń dunni jù ni ti àwọn tó yí wọn ká. Ìyá ń gbàdúrà pé kí iṣẹ́ ọmọ òun máa tẹ̀ síwájú, ọ̀rẹ́ ń jẹ́ "ọ̀gá mi", olórin ń kì wọ́n lóde àríyá. Láàárín gbogbo wọn, ẹni tó máa bèèrè pé "níbo lowó yìí ti wá?" ṣọ̀wọ́n.

Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. A sábà máa ń lo òwe yìí fún ẹni tí kò lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó jìn ju ìyẹn lọ. Èkù kò sí lára ohun tí mímú lè pèsè. Ọwọ́ mìíràn ló ń ṣe é, láti ara igi tàbí ìwo, kó tó di ohun tí èèyàn lè dì mú láìfara pa.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe èkù fún èèyàn, kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ kì í fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí lọ́jọ́ kìíní. Á gbálẹ̀, á fọn iná sí áyọ́ọ̀nù, á tú aṣọ tí wọ́n rán ṣì, á dúró ti ọ̀gá nígbà tó bá ń wọn oníbàárà, á sì gbọ́ bí ọ̀gá ṣe ń bẹ ẹni tí aṣọ rẹ̀ pẹ́. Aṣọ tí wọ́n bá ti gé kò ṣeé dá padà, nítorí náà ìwé ìròyìn àtijọ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ fún un gé. Lọ́jọ́ fúrídọ̀ọ̀mù, nígbà tó bá kọ́ṣẹ́ parí, òbí á wá, àwọn ẹgbẹ́ télọ̀ á wọ aṣọ ẹgbẹ́, ọ̀gá á gbé àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́ lórí ìkúnlẹ̀, àdúrà á sì tẹ̀lé. Láti ọjọ́ náà lọ, bó bá gbówó aṣọ sá lọ, oníbàárà mọ ẹni tí òun yóò lọ bá, nítorí ojú gbogbo ènìyàn ni ọ̀gá ti fa ohun tó mú lé e lọ́wọ́.

Fóònù àti kọ̀ǹpútà kò ní fúrídọ̀ọ̀mù. Ọmọ ọdún 16 ní Challenge lè ní irinṣẹ́ tó mú ju ohunkóhun tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ kàn rí, kó má sì sí ọ̀gá tó kọ́ ọ, kó má sí ẹgbẹ́ tó mọ̀ ọ́n, kó má sí ẹni tí wọ́n lè lọ bá lọ́la. Mọ́ṣáláṣí wà káàkiri àdúgbò yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ níbẹ̀, àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa tí wọ́n sì ń fi òótọ́ jẹun náà wà níbẹ̀, tí wọ́n ń tún fóònù ṣe, tí wọ́n ń kọ́ wẹ́ẹ̀bù fún iléeṣẹ́. Wọ́n lè gba ọmọ bẹ́ẹ̀ sábẹ́, kí òbí bá wọn ṣe àdéhùn bíi ti ọ̀gá télọ̀, kí wọ́n sì pe àdúgbò jọ lọ́jọ́ tó bá parí.